Iṣẹ́ Tí Wọ́n Ní Ká Jókòó Sílé Ṣe

Gbólóhùn kan péré ni ìyá Nereida sọ nígbà tó gbọ́ nípa iṣẹ́ náà. Ó ń lọ tòmátì àti ata lórí ọlọ, kò gbójú sókè, ó ní, "Iṣẹ́ tí wọn ò bi ẹ́ léèrè ohun tó o mọ̀ ọ́n ṣe, kí ni wọ́n fẹ́ rà lọ́wọ́ ẹ gan-an?"

Nereida rẹ́rìn-ín. Ebi kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ilé ìránṣọ tó ti ń rán ṣòkòtò ní Tonalá ti kógbá wọlé. Ọ̀gá wọn kó ẹ̀rọ sọ́kọ̀ láìsọ fẹ́nì kan, àgádágodo ni àwọn òṣìṣẹ́ bá lẹ́nu ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà, aṣọ ló ń fọ̀ fún àwọn aládùúgbò, Renata ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ń wọ bàtà tó ti há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lọ sí ilé ìwé. Nígbà tí ìpolówó náà yọ lórí fóònù rẹ̀, àfi bíi pé ẹni tó kọ ọ́ ti yọjú wo inú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Jókòó sílé rẹ. Máa dáhùn ìpè àwọn oníbàárà tó ń ra ohun èlò ìdáná. A ó fún ọ ní kọ̀ǹpútà, owó rẹ yóò máa wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a kò béèrè ìwé ẹ̀rí. Kìkì pé kó kọ́kọ́ wá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ díẹ̀. Ọkọ̀ yóò wá gbé e ní ibùdókọ̀ Guadalajara, kó má sì mú ẹnikẹ́ni dání àyàfi ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́.

"Ibi tí wọ́n ti ní kó o má mú ẹnikẹ́ni dání yẹn ni kò yé mi," ni Ulises wí. Ọmọ Otilia, ẹ̀gbọ́n ìyá Nereida, ni Ulises. Ìkòkò amọ̀ ló ń kùn lọ́dà fún àwọn oníṣòwò, ó ga bí òpó iná, kì í sì í sọ̀rọ̀ kó má fi àwàdà sí i. "Èmi náà á gbaṣẹ́ yìí. Bí oníbàárà bá ń bínú, màá kọrin fún un. Òun fúnra ẹ̀ ló máa pa fóònù."

"Ta ló fẹ́ gbà ẹ́ síṣẹ́, ìwọ tí ohùn ẹ dà bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù?"

"Wọn ò sáà béèrè ìwé ẹ̀rí. Ohùn tèmi gan-an ni wọ́n ń wá."

Bí wọ́n ṣe jọ lọ nìyẹn.

Obìnrin tó wá pàdé wọn ní ibùdókọ̀ rẹwà. Brisa ló pe ara rẹ̀. Ó so káàdì mọ́rùn, bàtà rẹ̀ funfun bí ẹyin, ó sì dì mọ́ wọn bí ẹni tó rí ọmọ ìyá rẹ̀ tó ti ìrìn àjò dé. Ó mọ orúkọ wọn lórí. Àwọn mìíràn ti jókòó sínú ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kékeré tí gíláàsì rẹ̀ dúdú, olúkúlùkù wọ aṣọ tó dára jù nínú ohun tó ní nítorí iṣẹ́ tuntun. Kí ọkọ̀ tó kúrò, Brisa ti gba fóònù gbogbo wọn. Ó ní ilé iṣẹ́ fẹ́ fi ètò tuntun sí i. Bó ṣe ń gbà á ló ń bá wọn ṣeré, ó ń bi wọ́n léèrè ilé tí òbí wọn ń gbé, ilé ìwé tí ọmọ wọn ń lọ. Nereida dárúkọ ilé ìwé Renata tayọ̀tayọ̀. Ó rò pé ilé iṣẹ́ tó bá ń béèrè ọmọ èèyàn, ilé iṣẹ́ tó láàánú ni.

Ìpolówó ní òtẹ́ẹ̀lì kan nígboro ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ti máa wáyé. Ọkọ̀ kọjá ìgboro. Ó kọjá ibi tí wọ́n ti ń sanwó ọ̀nà, ó kó sáàárín oko agave, ewéko tí wọ́n ń sè fi ṣe ọtí, tó tẹ́ lọ bí òkun, ewé rẹ̀ nà sókè bí ọ̀bẹ. Ulises ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ò sí orúkọ ilé iṣẹ́ lára ọkọ̀ yìí?"

"A ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni," ni Brisa dáhùn.

"Ó dáa. Ẹ bá mi ní kí awakọ̀ dúró, mo fẹ́ tọ̀."

"Tọ̀ sára."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ulises dìde, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. Ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ yíjú padà, ó fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ ta sí àyà aṣọ funfun tí Nereida lọ̀ pẹ̀lú sùúrù láàárọ̀. Obìnrin kan lẹ́yìn pariwo, ọkùnrin náà na ìbọn sí i, obìnrin náà sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Brisa fi aṣọ ìnujú nu ẹ̀jẹ̀ tó ta sí bàtà rẹ̀.

"Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," ó ní. "Ẹ káàbọ̀ síṣẹ́."

Ọgbà màlúù àtijọ́ ni wọ́n kó wọn lọ, lẹ́yìn odi gíga, ilé onípáànù ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, Zurdo ni wọ́n ń pè é nítorí ọwọ́ òsì náà. Ó mú pákó fífẹ̀ kan dání tí wọ́n lu ihò sí lára, kí atẹ́gùn má bàa dí i lọ́wọ́ bó bá ń bọ̀. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ti inú ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ dojú kọ ògiri, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé e. Zurdo wá bẹ̀rẹ̀ láti òpin ìlà. Kò bínú, kò bú ẹnikẹ́ni. Bí ẹni tó ń lu kápẹ́ẹ̀tì kí eruku rẹ̀ lè kúrò ló ṣe ń nà wọ́n. Nereida ń gbọ́ ọ bó ṣe ń sún mọ́ òun, ó ń gbọ́ igbe ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Nígbà tó kàn án, ó ṣubú lulẹ̀. Wọ́n gbé e dìde, Zurdo sì tún èyí tó ti nà tẹ́lẹ̀ nà, ó ní ẹni tó bá ṣubú, àtìbẹ̀rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀. "Ẹni tó bá sá, a ò ní lé e. Ilé ẹ̀ la máa lọ. Ẹ̀yin náà lẹ fi ẹnu yín júwe ẹ̀ fún wa."

Ìgbà náà ni Nereida rántí ilé ìwé Renata, ó sì bì.

Wọ́n yan àwọn ọkùnrin sí àgbàlá, pé kí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ìbọn. Brisa wá ní kí olúkúlùkù àwọn obìnrin sọ pé, "Ẹ káàárọ̀, báwo lẹ ṣe wà?" Ó ń gbọ́ wọn bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Nereida, ẹnu rẹ̀ kún fún èébì, síbẹ̀ ohùn tó jáde dùn bí oyin. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.

"Inú ilé," ni Brisa wí. Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé o rí i pé a ò purọ́ fún ẹ? Inú ilé ni. Ìjókòó ni. Fóònù lo sì máa máa dáhùn."

Yàrá tí wọ́n fi í sí ò ní ju fèrèsé kan lọ, pákó ni wọ́n kàn mọ́ ọn, ihò tóóró kan ló kù tí a lè gbà yọjú wo àgbàlá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pe àwọn tó ti dáhùn ìpolówó àti láti dá àwọn tó bá pè lóhùn, kó fi ohùn dídùn náà yí wọn lọ́kàn padà títí wọ́n á fi gbà láti wá sí ibùdókọ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan jókòó tì í, ó ki nǹkan bọ etí, gbogbo ohun tí Nereida bá sọ àti èyí tí wọ́n bá fún un lésì ló ń gbọ́. Bí ẹni tó pè bá kọ̀, ìgbájú. Bí wọ́n bá kọ̀ léraléra, pákó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ó ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Nígbà tó yá, ó ronú ọgbọ́n kan. Ó rò pé bí òun bá mú ọ̀rọ̀ náà burú tó, àwọn tó ń gbọ́ á fura. Gbogbo ohun tó yẹ kó ti lé òun fúnra rẹ̀ sá, ó kó wọn jọ, ó ń sọ wọ́n síta gbangba. Ó ní kò sí ìwé àdéhùn. Ó ní kí wọ́n má sọ fún ìyàwó, kí wọ́n má sọ fún ọkọ. Ó ní wọ́n á gba fóònù wọn. Ó sọ owó oṣù tí ọ̀gá báńkì pàápàá ò gbà. Ó ní, "Ẹ ò ní láti mọ nǹkan kan, ẹ sáà máa bọ̀." Ẹ̀ṣọ́ náà ò fura, lójú tirẹ̀, obìnrin yìí kàn ní ìtara ni.

Wọ́n sì ń bọ̀. Ohun tó fọ́ ọ lórí nìyẹn. "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n," ni wọ́n ń wí. "Ọlọ́run á fi ọ̀pọ̀ bù kún yín. Mo ti ń gbàdúrà sí Wúńdíá Mímọ́ láti ọjọ́ yìí." Pákó Zurdo dun Nereida, àmọ́ ó sàn ju àdúrà wọ̀nyẹn lọ.

Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Gildardo, oníbúrẹ́dì tí ilé ìyan-búrẹ́dì rẹ̀ jóná. Ó lẹ́rìn-ín lẹ́nu. Nereida sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó tilẹ̀ sọ pé ibi iṣẹ́ jìnnà, pé kò sẹ́ni tó mọ ibẹ̀. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ń rì kì í béèrè ẹni tó ni okùn." Nígbà tí wọ́n kó wọn dé, Nereida gbé ojú lé ihò fèrèsé, ó rí ọkùnrin sísanra kan tó dojú kọ ògiri, tí Zurdo ń rọ̀jò pákó lé lórí. Ó mọ̀ ọ́n nígbà tó ké. Ohùn tó ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù ni.

Ọ̀sán gangan lọ́jọ́ kan, wọ́n lé gbogbo àwọn ọkùnrin lọ sí àárín àgbàlá, wọ́n sì ní kí àwọn tó wà nínú ilé wá sẹ́nu fèrèsé, kí wọ́n wòran. Zurdo fi ẹsẹ̀ fa ìlà yípo sílẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì sí Ulises, ó nà án sí Gildardo.

"Ẹni méjì ń jẹun níbi tó yẹ kí ẹnì kan ti jẹ," ó ní. "Ẹni tó bá kù lórí ìdúró ló máa jẹun alẹ́."

Ulises ti rù. Eyín rẹ̀ iwájú ò sí mọ́, àmọ́ ó ṣì ga. Ó wo Gildardo, ó ní, "Ìwọ ọ̀gbẹ́ni yìí, kó o tó wá síbí, ṣé búrẹ́dì ẹ dùn?"

"Ó dùn," ni Gildardo dáhùn. Ó ń sunkún.

"Dáríjì mí, ṣé o gbọ́?" ni Ulises wí.

Wọ́n kọlu ara wọn. Wọ́n kọ́kọ́ ń dọ́gbọ́n sí i, wọ́n ń gbá ara wọn léjìká. Zurdo yìnbọn sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, ó bi wọ́n pé ṣé ijó ni wọ́n wá jó. Wọ́n wá jà ní òótọ́. Gildardo sanra, ó gbé Ulises sókè lẹ́ẹ̀kan, ó là á mọ́lẹ̀, eruku sọ. Ulises fi orúnkún gbá a nínú, ó dìde, ó fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú lójú, ó tún lù ú, títí ojú náà fi wú dí, tí oníbúrẹ́dì náà ṣubú, tí kò lè gbé orí sókè. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń hó. Zurdo yí òkúta kan sọ́dọ̀ Ulises.

"Parí ẹ̀."

Ulises bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé òkúta náà. Ó jù ú sókè díẹ̀, ó gbà á, bí ẹni ń díwọ̀n ìkòkò amọ̀. "Ó wúwo o, ọ̀gá."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

"Mo rò bẹ́ẹ̀ náà."

Ó yí padà lójijì, ó sì fi òkúta náà gbá Zurdo lẹ́nu. Gbogbo àgbàlá gbọ́ bí egungun ṣe fọ́. Zurdo ṣubú sẹ́yìn, Ulises bá a lọ sílẹ̀, ó gun un láyà, ó tún gbé òkúta sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Kí ó tó gbé e nígbà kẹta ni ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Wọ́n yìn ín lẹ́yìn, wọ́n yìn ín lọ́rùn. Ó ti kú tán, ara rẹ̀ ṣì ń ta bí wọ́n ṣe ń yìn ín. Nígbà tí ìbọn dákẹ́, wọ́n da omi lé Gildardo lórí, wọ́n sì ní kó fa òkú náà gba ẹ̀yìn ọgbà lọ, kó lọ gbẹ́ ilẹ̀.

Nereida ki apá ara rẹ̀ bọ ẹnu, ó gé e jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, kó má bàa ké. Ẹ̀ṣọ́ tì í padà sórí àga.

"Fóònù ń dún."

Ó gbé e. Ó ní, "Ẹ káàsán o, ẹ ti pe ibi tó dáa." Ohùn náà dùn bó ṣe máa ń dùn, kò gbọ̀n rárá. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ohùn ara rẹ̀ yìí ló bà á lẹ́rù jù.

Lẹ́yìn ikú Ulises, wọ́n rí i pé Zurdo ò kú. Wọ́n fi aṣọ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ orí, omi ọbẹ̀ ló ń mu, kò lè sọ̀rọ̀. Brisa ló wá ń sọ̀rọ̀ fún un, pákó náà sì bọ́ sọ́wọ́ Brisa. Obìnrin náà kì í nà wọ́n ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bíi ti Zurdo. Ó máa ń bú wọn, ó máa ń bú ìyá wọn mọ́ ọn, ó sì máa ń nà wọ́n ní ojú kan náà títí awọ á fi bó.

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ tí Màmá Eufrosina pè. Ohùn àgbàlagbà ni, tó rọra ń fa ọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, mo rí ìpolówó yín. Ṣé ẹ ń gba arúgbó?"

"À ń gbà wọ́n, màmá."

"O ṣeun. Ṣùgbọ́n ikọ́ fée ń yọ mí lẹ́nu. Ṣé eruku pọ̀ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín?"

Nereida gbójú sókè. Kò sẹ́ni tó béèrè irú rẹ̀ rí. Owó ni wọ́n máa ń béèrè. Ẹ̀ṣọ́ ń yán, ó mi orí pé kó dá a lóhùn.

"Eruku ò pọ̀, màmá. Òórùn agave tí wọ́n ń sè nìkan ni. Ó máa ń kún imú láàárọ̀."

"Ìyẹn ò lè ṣe mí ní nǹkan. Kí ló ń dún lẹ́yìn ẹ yẹn? Ṣé ìkòkò ni wọ́n ń lù?"

Agogo ni. Ní ọ̀nà jíjìn, agogo ìjọ ń lù, ó ń dún gbọ́ngbọ́n bí páànù.

"Agogo ìjọ ni, màmá. Ó ti sán, kò dún dáadáa mọ́. Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú."

Obìnrin náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "O ṣeun, ọmọ mi. O mọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Màá wá. Àwa ìyá tí à ń wá nǹkan pọ̀ ládùúgbò wa. Màá kó gbogbo wọn wá."

Inú ẹ̀ṣọ́ dùn. Ó lọ fi ṣe fáàrí pé àwọn ìyá arúgbó ń bọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n Brisa kì í ṣe òmùgọ̀. Ó wọlé wá, ó ní kí Nereida gbé ọwọ́ ọ̀tún lé tábìlì.

"Kí lo sọ fún un?"

"Ohun tí ẹ ní kí n máa sọ ni."

Brisa fi ìhà pákó gún ìka rẹ̀. Ìka ìlábẹ̀ ṣẹ́. "Kí ló béèrè?"

"Ó béèrè bóyá eruku wà."

Pákó tún bọ̀. Ìka àárín náà ṣẹ́. Nereida ké títí ohùn dídùn náà fi há. "Kí lo tún sọ?"

"Mo ní kó máa bọ̀! Mo ní kó máa bọ̀!"

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì gbà á là. Brisa wo ojú rẹ̀ títí, ó ju pákó sí kọ̀rọ̀ yàrá, ó jáde.

Ohun tí Nereida ò mọ̀ ni pé ọmọkùnrin Eufrosina ti dáhùn irú ìpolówó yìí rí, kò sì padà wálé. Láti ìgbà náà, ìyá rẹ̀ àti àwọn ìyá mìíràn tí ọmọ wọn sọnù ti ń pe gbogbo iṣẹ́ tó bá dùn ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á máa fetí sí ohun tó ń dún lẹ́yìn ohùn. Agogo tó sán nítòsí ibi tí wọ́n ti ń se agave, ìlú kan ṣoṣo ló wà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà. Wọ́n lọ sí ọ́fíìsì ọlọ́pàá, àwọn ọlọ́pàá ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n lọ dùbúlẹ̀ sójú títì iwájú bárékè ọmọ ogun, pẹ̀lú ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń gbẹ́lẹ̀ wá òkú ọmọ wọn, nínú oòrùn, wọn ò kúrò níbẹ̀ títí ọ̀gágun kan fi jáde sí wọn.

Àárọ̀ ni àwọn ọmọ ogun àti àwọn ìyá náà dé. Nereida kọ́kọ́ gbọ́ bí ilẹ̀kùn ńlá ẹnu ọ̀nà ṣe wó, ìbọn sì gba gbogbo afẹ́fẹ́ kan. Ọta ń rọ̀ lé páànù òrùlé bí òjò yìnyín. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fò síta. Kò rin jìnnà, ó dojú bolẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú yàrá. Nereida gba ihò fèrèsé wo ìta, ó rí Zurdo pẹ̀lú aṣọ lórí, ó fara ti ọpọ́n omi màlúù, ó ń fi ọwọ́ òsì yìnbọn. Ẹnu rẹ̀ ò lè sọ nǹkan kan, igbe bíi ti ẹran ló ń ké. Ọta kan gbà á lójú, ó sì yí sínú omi.

Ìgbà náà ni Brisa sá wọlé. Ó ti bọ́ bàtà, ó ti fi erùpẹ̀ pa ojú, ó ti ya aṣọ ara rẹ̀ léjìká. Ó kúnlẹ̀ ti Nereida.

"Sọ fún wọn pé ọmọ ìyá kan náà ni wá. Mo bẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ṣe tàn ẹ́ wá náà ni wọ́n tàn mí wá. Èmi náà rí ìpolówó ni. Mo jókòó sórí àga yìí kó o tó jókòó sí i."

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Omijé tó wà lójú rẹ̀, omijé gidi ni. Nereida yíjú kúrò, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Bó ṣe yíjú yìí ni Brisa fa ọ̀bẹ yọ láti ìgbànú, ó gbé e sí i lọ́rùn.

"Ó dáa. Ọmọ ẹ ń jẹ́ Renata. Mo mọ ilé ìwé ẹ̀. Ní báyìí, sọ pé ọmọ ìyá kan náà ni wá."

Ohun tó wà nínú Nereida láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó o wọ ọkọ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi orí kan Brisa ní imú. Ọ̀bẹ ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti etí dé àgbọ̀n, kò mọ̀ ọ́n lára. Ó gé ọwọ́ tó mú ọ̀bẹ jẹ, eyín rẹ̀ kan egungun, kò jẹ́ kó lọ àyàfi ìgbà tí ọ̀bẹ já bọ́. Wọ́n yí kiri ilẹ̀, wọ́n gun orí ẹsẹ̀ òkú ẹ̀ṣọ́. Brisa fa irun rẹ̀ tu. Ó tẹ àwọn ìka rẹ̀ tó ṣẹ́ mọ́lẹ̀, ojú Nereida sì ṣókùnkùn. Ọwọ́ rẹ̀ tó kù ń táràrà kiri, ó kan nǹkan ní kọ̀rọ̀. Pákó ni.

Ó dìde pẹ̀lú rẹ̀. Ó lu Brisa ní apá, apá náà ṣẹ́. Ó lù ú lẹ́yìn, ó lù ú níbàdí. "Ti Ulises nìyí! Ti Ulises nìyí!" Kò mọ̀ pé òun ń ké. Kò gbọ́ ọmọ ogun tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó gbé ìbọn sí i láyà.

"Jù ú sílẹ̀! Màá yìn ẹ́! Jù ú sílẹ̀!"

Lójú ọmọ ogun náà, obìnrin tó mú pákó dání ni ọ̀daràn, ẹni tó wà nílẹ̀ ni ẹrú. Brisa na ọwọ́ tó kù sí i, ó ń ké pé, "Ẹ gbà mí o! Òun ló ń nà wá!"

"Ẹ má yìnbọn!" ni Nereida kígbe. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìnbọn!"

Níta, láàárín àwọn obìnrin tí ọmọ ogun ní kí wọ́n dúró sẹ́yìn ọkọ̀, obìnrin kúkúrú kan tó wọ aṣọ tí wọ́n ya àwòrán ọmọkùnrin sí láyà gbọ́ ohùn náà. Ó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó sáré. Wọ́n pè é padà, kò dáhùn. Ó gba abẹ́ apá ọmọ ogun náà wọlé, ó sì dúró sáàárín ẹnu ìbọn àti Nereida, ó ń mí helehele. Ikọ́ fée rẹ̀ kì í ṣe irọ́.

"Ohùn yìí ni," ó ní. "Ọmọ mi orí fóònù nìyí. Bó o bá fẹ́ yìn ín, kọ́kọ́ yin èmi."

Nereida ju pákó sílẹ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, àwọn ìyá náà tú sẹ́yìn ọgbà, wọ́n ń fi irin gún ilẹ̀, wọ́n ń gbóòórùn ẹnu irin bóyá òórùn òkú wà níbẹ̀. Gildardo fi ibi tó gbẹ́ hàn wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí Ulises. Wọ́n rí àwọn mìíràn. Wọn ò rí ọmọ Eufrosina. Obìnrin náà jókòó sórí òkìtì ilẹ̀, ó mu omi, ó ní, "Kì í ṣe ibí nìyẹn," ó sì dìde pé kí àwọn máa lọ.

Àwọn ọlọ́pàá ò jẹ́ kí Nereida lọ bọ̀rọ̀. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ ló kó àwọn èèyàn wá. Brisa, tí wọ́n ti di apá rẹ̀, ń sọ ohun kan náà nínú yàrá kejì, pé ọ̀gá òun ni Nereida. Gildardo ló yọ ọ́. Wọ́n bi í bóyá obìnrin yìí ló pè é. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bi í ohun tó sọ fún un.

"Ó ní kí n má sọ fún ìyàwó mi," ni Gildardo wí. Ojú rẹ̀ kan ò tíì là dáadáa. "Ó ní wọ́n á gba fóònù mi. Ó ní kò sí ìwé àdéhùn, ó ní kò sẹ́ni tó mọ ibẹ̀. Kí ló tún kù tí ì bá sọ, ọ̀gá, pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀? Ó lé mi títí. Èmi ni mi ò sá."

Wọ́n tú u sílẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n sin Ulises ní Tonalá, gbogbo àdúgbò ló jáde. Nereida dúró sẹ́yìn, ó fi ìbòrí bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n rán. Otilia, ìyá Ulises, rí i. Ó la àárín èrò wá, ó gbá a létí, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ọ̀bẹ ya gan-an. Okùn tí wọ́n fi rán an já, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú láyà, ó ń lù ú bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí. Ìyá Nereida fẹ́ dì í mú, Nereida fi ọwọ́ ṣe fún un pé kó fi í sílẹ̀. Ó dúró, ó ń gbà á.

Ó rẹ obìnrin náà nígbà tó yá. Ó di aṣọ Nereida mú kó má bàa ṣubú.

"Ṣé ó bẹ̀ wọ́n?" ó béèrè. "Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ọmọ mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó pa á?"

"Kò bẹ̀ wọ́n, màmá ńlá. Wọ́n ní kó fi òkúta pa ẹnì kan. Ó ní òkúta náà wúwo. Ó wá fi fọ́ ẹnu ọ̀gá wọn. Títí tó fi kú, ọ̀gá náà ò lè sọ̀rọ̀ mọ́."

Otilia wò ó. Ẹ̀rín kan gbọ̀n jáde lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, ẹ̀rín tó burú létí, ẹkún sì gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Ó fi etí aṣọ ìbòrí tirẹ̀ tẹ ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Nereida.

"Ẹni tí wọ́n ní kó fi òkúta pa yẹn ńkọ́?" ó ní. "Ṣé ó wà láàyè?"

"Ó wà láàyè. Òun nìyẹn lẹ́nu géètì. Ó ní ojú ń ti òun láti wọlé."

Otilia yíjú sí ẹnu géètì, níbi tí ọkùnrin sísanra kan dúró sí, tó gbé apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì tí wọ́n fi aṣọ bò mọ́ra.

"Lọ pè é," ó ní.